Orin Tí Aránṣọ Kọ fún Ìlara

Bí orin bá jẹ́ ẹ̀bùn Ọlọ́run, ta ló fún aránṣọ ìjọ wa ní orin tó kọ fún Ìlara? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí lórí ìkúnlẹ̀, mo ti bi í lórí ìjókòó nínú ìjọ, mo sì ti bi í níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Èsì ò tíì dé. Mo gba Ọlọ́run gbọ́, n kò fi bò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orin yìí dà bí egungun ẹja tó há mi lọ́fun: kò wọlé, kò jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Obìnrin náà kì í ṣe aláriwo. Yàrá kan àti pálọ̀ ló ń gbé, pálọ̀ yẹn náà sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Máṣíìnì rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, wà lábẹ́ fèrèsé. Téèpù máa ń wà lọ́rùn rẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣọ́ọ̀kì á wà lẹ́yìn etí rẹ̀ bíi ti kápẹ́ńtà tó fi pẹ́ńsù sétí. Bẹ́ ẹ bá bá a lẹ́nu iṣẹ́, kò ní gbójú sókè kí yín. Á kàn sọ pé, “Ẹ jókòó, ẹ má jókòó lé abẹ́rẹ́ o,” á sì máa tẹ máṣíìnì rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá dọjọ́ ìsinmi, tó bá dìde láàárín àwọn akọrin, tó la ẹnu, ẹni tó ń sùn á jí, ẹni tó sì ń wá owó ọrẹ nínú àpò á gbàgbé ohun tó ń wá.

Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ó wáṣẹ́ lọ sí ìlú òkèèrè. Nígbà tó kọ́kọ́ lọ, ó ń pè lórí fóònù, á máa ròyìn ilé ńláńlá tó ń kan ilẹ̀kùn sí. Nígbà tó yá, ìpè náà ń jìnnà síra wọn bí ilé abúlé. Nígbà tó tún yá, fóònù ò dún mọ́. Àwọn kan ní ó ti fẹ́ ẹlòmíràn. Àwọn kan ní ilẹ̀ ti gbà á. Aránṣọ ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Ẹni tó kú, wọ́n á sin ín. Ẹni tó kọni, á sọ fúnni. Tèmi ò kú, kò sì kọ̀ mí. Ó kàn dákẹ́ ni.”

Àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń gbé ilé kejì. Ògiri tó mọ ní igbáàyà ló la àgbàlá wọn láàárín, fèrèsé aránṣọ sì kọjú sí géètì àbúrò rẹ̀ gan-an. Bíríkìlà ni ọkọ àbúrò náà, ọkùnrin gíga kan tí sìmẹ́ǹtì kì í tán lára bàtà rẹ̀. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, á ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ẹnu géètì, kò ní wọlé. Á dúró síta, á gbóhùn sókè:

“Onílé dà? Àlejò dé o!”

Ìyàwó rẹ̀ á dáhùn láti ilé ìdáná, “Àlejò ibo?”

“Àlejò ojú ọ̀nà!”

“Kí ni àlejò mú bọ̀?”

“Ebi ni o!”

“Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀, ilé ti kún!”

Wọ́n á wá bú sẹ́rìn-ín bí ẹni pé wọn ò ṣe é rí. Lójoojúmọ́ o. Ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o. Kódà lọ́jọ́ tí wọ́n bá jà láàárọ̀, bíríkìlà á dúró níta lálẹ́, á pe onílé. Bí onílé bá dáhùn, ìjà ti parí. Bí onílé ò bá dáhùn, á tún pè.

Ní wákàtí yẹn, ẹsẹ̀ aránṣọ máa ń kúrò lórí máṣíìnì. Bí oníbàárà bá wà níbẹ̀, á ní, “Òwú já.” Á mú abẹ́rẹ́ lọ sójú ìmọ́lẹ̀, á máa wò ó bí ẹni tó ń wá ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ etí rẹ̀ wà lójúde ẹlòmíràn. Bí ẹ̀rín bá ti tán lọ́hùn-ún, òwú á so, máṣíìnì á tún máa dún. Ìgbà kan wà tí àbúrò rẹ̀ bá a níbẹ̀, tó fi ṣe yẹ̀yẹ́, “Ẹ̀gbọ́n mi, òwú yín yìí, ṣé ìrọ̀lẹ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n já ni?” Òun náà rẹ́rìn-ín. “Òwú tó bá ti ṣiṣẹ́ látàárọ̀, kò ha yẹ kó sinmi?”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà kí Pásítọ̀ tó dá ọ̀rọ̀ fíìmù sílẹ̀.

Pásítọ̀ ní àwọn ọ̀dọ́ ń wo ìwòkuwò, ẹ jẹ́ kí ìjọ ṣe fíìmù tirẹ̀, èyí tó máa dá lórí ẹ̀ṣẹ̀ méje tí ń pa ọkàn: ìgbéraga, ojúkòkòrò, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ìlara, wọ̀bìà, ìbínú àti ìmẹ́lẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan á jáde, á fọ́nnu, á kọ orin tirẹ̀, á sì ṣubú. Ẹni tó ń kun pátákó fáwọn oníṣọ́ọ̀bù ló ya ojú wọn sára aṣọ tí a fẹ́ ta sẹ́yìn wọn. Aránṣọ ni wọ́n ní kó kọ orin.

Àṣẹ kan ṣoṣo ni Pásítọ̀ pa. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n burẹ́wà. Ẹni tó bá rí wọn, kó sá. Ẹni tó bá gbọ́ orin wọn, kó di etí.”

Ayàwòrán ò fi ṣeré. Imú tó yà fún Ìgbéraga kọjú sókè débi pé òjò lè rọ̀ sínú rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Wọ̀bìà rí bí ìkòkò méjì tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó ya eṣinṣin sétè Ìmẹ́lẹ́, Ìmẹ́lẹ́ ò sì lè lé e. Ìlara ní tirẹ̀, ó fún un lọ́rùn gígùn tó fi ń yọjú wo àgbàlá aládùúgbò, ojú rẹ̀ ràn kalẹ̀ bí àtùpà.

Ìdí orin ni wàhálà wà. Àwọn orin àkọ́kọ́ tí aránṣọ kọ́ wa, gbígbẹ ni wọ́n gbẹ. Ọ̀gá akọrin, àgbàlagbà kan tí ètè rẹ̀ mú, ò lè pa á mọ́ra.

“Aránṣọ, wọ̀bìà tìẹ yìí, ṣé ààwẹ̀ ló ń gbà ni? Orin rẹ̀ ò lépo nínú.”

“Ọ̀gá, ẹ ní sùúrù.”

“Ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ tó o kọ ńkọ́? Ó dà bí ìfilọ̀ ìpàdé àwọn àgbà ìjọ.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá, ohun téèyàn ò ní nílé, báwo ló ṣe fẹ́ fi ṣe àlejò? Mi ò mọ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀.”

Ti Ìlara ló kẹ́yìn. Kò mọ bó ṣe fẹ́ mú un. Ó ti ń gbé e kiri fúngbà díẹ̀, kò rí orí rẹ̀, kò rí ìdí rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń rán ẹ̀wù oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ bíríkìlà dún ní géètì. Òwú já, bó ṣe máa ń já. “Onílé dà? Àlejò dé o!” Kí àbúrò rẹ̀ tó fèsì láti ilé ìdáná, ẹnu aránṣọ ti ṣí. Ó wí jẹ́jẹ́, fún abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀, pé, “Àlejò ibo?”

Ó ní ojú ti òun, kò sì sẹ́nìkan nínú yàrá yàtọ̀ sí òun. Ó ní ojú náà ti òun débi pé òun gbé ẹsẹ̀ lé máṣíìnì, òun sì ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan kí ariwo rẹ̀ lè bo nǹkan mọ́lẹ̀. Inú ariwo yẹn ni orin ti yọ. Kò wá a, kò kọ ọ́ sílẹ̀. Bí aṣọ ṣe ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń kọjá lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí orin parí, ó rí i pé òun ti rán ọwọ́ ẹ̀wù oníbàárà pa. Bẹ́ ẹ bá ki apá bọ̀ ọ́, kò síbi tí apá máa gbà yọ.

Ó kọ orin náà fún wa nígbà ìdánrawò. Báyìí ló lọ:

Ẹsẹ̀ dún lójúde, kì í ṣe tèmi,
Ọwọ́ kan ilẹ̀kùn, kì í ṣe tèmi.
Ohùn kan pe onílé, onílé dáhùn;
Èmi tí mo jókòó ti fèrèsé, ta ni yóò pè mí?
Ẹ má fún mi nílé wọn,
Ẹ má fún mi lóúnjẹ inú ìkòkò wọn.
Ẹ sáà yá mi lóhùn kan,
Kí n dáhùn lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀gá akọrin bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó tún bọ́ ọ. Níkẹyìn ó ní, “Kò sẹ́ni tó máa kọ èyí àfi ìwọ fúnra rẹ.” Bó ṣe di pé aránṣọ ni Ìlara nìyẹn.

Ibi tí a ti wá ṣe àṣìṣe ni ibi tí a ti lọ ya á. A ò níbi tó ní fèrèsé tó dáa, aránṣọ ní, “Ẹ wá lo tèmi.” Onífọ́tò tó máa ń ya ìgbéyàwó fún wa ló gbé kámẹ́rà kalẹ̀. A ta àwòrán ọlọ́rùn gígùn sára ògiri, aránṣọ dúró sójú fèrèsé, ó ń kọrin. Ó kù díẹ̀ kó parí ni kẹ̀kẹ́ dún níta. Kò sẹ́ni tó rántí aago tó ti lù. Bó ṣe dé “Ẹ sáà yá mi lóhùn kan,” bẹ́ẹ̀ ni bíríkìlà ké níta, “Onílé dà? Àlejò dé o!”

Onífọ́tò ṣíwọ́. “Ọkùnrin yẹn ti bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ ká tún un yà.”

Ọ̀gá akọrin dì í lọ́wọ́ mú. “Ìwọ náà, etí rẹ dí ni? Fi síbẹ̀! Bí a bá fẹ́ wá a, a ò lè rí i.”

Aránṣọ ò sọ pé ká fi í síbẹ̀, kò sọ pé ká yọ ọ́. Ojú rẹ̀ ṣì wà níta fèrèsé.

Lọ́jọ́ tí a fi fíìmù náà hàn nínú gbọ̀ngàn ìjọ, àyè ìdúró gan-an wọ́n. Àwọn ọmọdé pariwo lé àwọn ẹ̀ṣẹ̀ lórí bó ṣe yẹ. Wọ́n ké mọ́ Wọ̀bìà pé, “Gbé abọ́ sílẹ̀!” Wọ́n sọ fún Ìmẹ́lẹ́ pé, “Lé eṣinṣin yẹn, jàre!” Ẹ̀rín pa àwọn àgbà. Nígbà tí Ìlara jáde, ọmọ kan ti la ẹnu láti pariwo, ìyá rẹ̀ fọwọ́ bò ó. Aránṣọ ń kọrin lójú fèrèsé. Mo rí opó kan tó di ẹ̀yìn àga iwájú rẹ̀ mú. Mo rí ọkùnrin kan tí n kò rí omi lójú rẹ̀ rí, tó wolẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́. Ohùn bíríkìlà sì jáde látinú fíìmù: “Onílé dà?”

Àbúrò aránṣọ wà ní ìjókòó iwájú. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó fi ìgbúnwọ́ gún ọkọ rẹ̀. “Ìwọ nìyẹn! Wọ́n ti mú ẹ wọ fíìmù!” Ẹ̀rín náà wá kú lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí ó ń wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára aṣọ funfun tí a ta, ó sì rí ibi tí ojú náà ń wò.

Orin náà gba àdúgbò. Ẹ ó gbọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ omi, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń pọn omi àti àwọn tó ń sá aṣọ. Kò sẹ́ni tó ń kọ orin tí àwọn áńgẹ́lì fi ṣẹ́gun níparí fíìmù, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ ìyẹn, mo sì gbààwẹ̀ kí n tó kọ ọ́. Ọ̀gá akọrin ká Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń hùn ún.

“Pásítọ̀, orin wo nìyẹn?”

“Orin kí ni? Ọ̀fun ló ń yún mi.”

Àwọn ọ̀dọ́ ń pe aránṣọ ní Àǹtí Ìlara bó bá ń kọjá. Òun náà á dá wọn lóhùn, “Ẹ bo oúnjẹ yín o, mo ti ń na ọrùn bọ̀!” Kò bínú sí wọn.

Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ ò sinmi. Ó ní ẹni tó lè kọ ọ́ báyìí, nǹkan náà wà lára rẹ̀. Kò fi ìkà sọ ọ́. Èèyàn rere ni, ó sì fẹ́ràn obìnrin náà. A pè é lẹ́yìn ìsìn, ó kúnlẹ̀, a gbọ́wọ́ lé e, a ní kí Olúwa mú ìlara kúrò lọ́kàn rẹ̀ pátápátá. Ó ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì bó ṣe máa ń kúrò. Oòrùn wọ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rò pé iṣẹ́ ló pẹ́ bíríkìlà. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí kẹ̀kẹ́ lára ògiri. Ọkùnrin náà ti wọlé.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ bá àbúrò rẹ̀.

“Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?”

“Ara rẹ̀ yá, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń jẹun nínú ilé.”

“Mi ò gbọ́ kó pe onílé.”

Àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọbẹ̀ tí kò nílò rírò. “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ wa. Ọlọ́run ló mọ̀, mo rò pé ariwo máṣíìnì ń bò wá mọ́lẹ̀ ni. Látọjọ́ yìí wá, a kàn ń jẹ ẹran lójú ẹni tébi ń pa. Mo ti sọ fún un. Jẹ́jẹ́ lá á máa wọlé báyìí. A ò ní fi ayọ̀ wa gún yín lójú mọ́.”

“Kò gún mi lójú.”

“Ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí ojú yín.”

Kí ni kó sọ? Bó bá ní kí wọ́n máa ṣe bí wọ́n ti ń ṣe, wọ́n á ní ìlara ṣì wà lára rẹ̀, àdúrà ò gbà. Bó bá dákẹ́, ẹ̀rí ni pé àdúrà gbà. “O ṣeun” ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà ni àbúrò rẹ̀ ti ń gbé ọbẹ̀ wá fún un, tó ń rán àwọn ọmọ wá sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, tó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Nínú ìjọ, wọ́n ń fi í ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí Olúwa tú sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ń jìn sínú.

Mo mú ṣòkòtò kan lọ bá a lọ́sẹ̀ tó kọjá kó bá mi gé e kúrú. Ó ní kí n jókòó. Ó ń rán an lọ, à ń sọ̀rọ̀ ìjọ. Oòrùn ń rẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Kò sọ pé òwú já. Ó kàn jókòó, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ṣòkòtò mi.

“Ẹ gbọ́ ọ?” ló bi mí.

Mo dẹtí. “Mi ò gbọ́ nǹkan kan.”

“Ohun tí mò ń sọ nìyẹn.”

Mo yọjú lójú fèrèsé. Bíríkìlà ń gbé géètì sókè díẹ̀ bó ṣe ń tì í kó má baà dún. Ó ń yọ́ rìn bí olè nínú ilé ara rẹ̀.

“Bọ̀dá Akọ̀wé,” ló wí, “ohun tẹ́ ẹ pè ní ìlara yẹn, mi ò jiyàn. Bíbélì ò purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò fìgbà kan fẹ́ kí ohùn yẹn kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo fẹ́ kó wà. Mo kàn fẹ́ kí tèmi náà wà ni. Bó bá ń pe onílé, mo máa ń rántí bí ọkùnrin ṣe ń wọlé. Ohùn ọkọ tèmi ti fẹ́ parẹ́ létí mi. Tiẹ̀ ni mo fi ń mú un.”

Mo fẹ́ fún un ní ẹsẹ Ìwé Mímọ́ kan, n kò rí èyí tó bá a mu.

“Ẹ bá mi lọ bá ọkọ àbúrò mi. Ẹ̀yin lẹ kọ fíìmù náà. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ̀rọ̀ orin yẹn lé mi lọ́wọ́, pé mi ò tiẹ̀ mọ nǹkan tó túmọ̀ sí. Ẹ ní máṣíìnì mi kì í jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń lọ níta. Kó máa pe ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń pè é. Ẹ má sọ pé èmi ni mo rán yín.” Ó na ṣòkòtò náà sí mi, kò tíì parí, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. “Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kì í parọ́, Bọ̀dá. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n á fi gbà yín gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́.”